Àjèjì Lójú, Kò Fi Ríran: Ọ̀rọ̀ Ìdìbò Ilẹ̀ Tọ́kì

Àwọn àgbà ní àjèjì lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Kì í ṣe pé ojú rẹ̀ fọ́. Ohun tí ó ń wá kiri ni kì í jẹ́ kí ó rí ohun tí ó wà níwájú rẹ̀. Òwe yìí ni ó bá ìṣe àwọn ará òkèèrè mu nígbàkígbà tí àwọn ènìyàn ilẹ̀ Tọ́kì bá ń dìbò.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, nígbà tí Ààrẹ Recep Tayyip Erdoğan tún jáde láti du ipò rẹ̀, àwọn akọ̀ròyìn láti Yúróòpù àti Amẹ́ríkà rọ́ wọ ìlú Istanbul àti Ankara. Púpọ̀ nínú wọn ti fọkàn sí i pé ọjọ́ ọkùnrin náà pé. Ọjà ti gbówó lórí kọjá àlà. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, ohun tí wọ́n fi kún iye owó ọjà láàárín ọdún kan ti kọjá ìdá 85 nínú 100. Ilẹ̀ ti mì tìtì ní ọjọ́ 6, oṣù kejì, ọdún 2023, ó sì ti pa ènìyàn tí ó ju 50,000 lọ ní ilẹ̀ Tọ́kì nìkan. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ń wádìí èrò ará ìlú sọ pé Kemal Kılıçdaroğlu, olórí ẹgbẹ́ alátakò tí wọ́n ń pè ní CHP, ni yóò ṣíwájú. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ka ìbò tán ní ọjọ́ 14 oṣù náà, Erdoğan ní ìdá 49.5 nínú 100, Kılıçdaroğlu sì ní nǹkan bí ìdá 45. Ní ọjọ́ 28, tí àwọn méjèèjì tún kojú ara wọn, Erdoğan fi ìdá 52 borí.

Lọ́gán ni ohùn yí padà. Àwọn tí wọ́n ti ń sọ pé ó tán fún Erdoğan bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ó tán fún ìjọba àwa-ara-wa ní ilẹ̀ Tọ́kì, pé àpótí ìbò kò tún lè yí ohunkóhun padà níbẹ̀ mọ́. Oṣù mẹ́wàá péré lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 31, oṣù kẹta, ọdún 2024, wọ́n dìbò fún ìjọba ìbílẹ̀ jákèjádò orílẹ̀-èdè náà. Ẹgbẹ́ CHP ṣe ipò kìn-ín-ní pẹ̀lú ìbò tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá 38 nínú 100. Ẹgbẹ́ AKP tí Erdoğan jẹ́ olórí rẹ̀ ní nǹkan bí ìdá 35, ó sì ṣe ipò kejì fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti dá a sílẹ̀ ní ọdún 2001. Ẹnu tún ya àwọn ará òkèèrè. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kan náà bá yà lẹ́nu lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọdún kan, ó yẹ kí ó bi ara rẹ̀ léèrè bóyá ojú tí òun fi ń wò ó ni kò dára.

YÀRÁ MÉJÌ TÍ ÀJÈJÌ KỌ́

Ohun àkọ́kọ́ tí kì í jẹ́ kí àjèjì ríran ni pé ó ti kọ́ yàrá méjì sílẹ̀ lọ́kàn ara rẹ̀ kí ó tó dé ìlú. Inú ọ̀kan ni ó ń kó àwọn tí ó pè ní ọ̀làjú sí: àwọn ará etí òkun, àwọn tí wọ́n kàwé, àwọn tí kò fẹ́ kí ẹ̀sìn wọ inú ìjọba. Inú èkejì ni ó ń kó àwọn ẹlẹ́sìn àti àwọn ará oko sí, àwọn tí ó rò pé ohun tí lèmọ́mù bá ti wí ni wọn yóò ṣe. Lójú rẹ̀, gbogbo ìdìbò ilẹ̀ Tọ́kì kò ju ìjà yàrá méjèèjì yìí lọ. Àwọn tí wọ́n wà ní yàrá kìn-ín-ní ni ó sì sáábà máa ń bá sọ̀rọ̀, nítorí pé wọ́n gbọ́ èdè rẹ̀, ibi tí ó ti ń jẹun ni àwọn náà ti ń jẹun. Bẹ́ẹ̀, àgbà òṣìkà ní í gbẹ́jọ́ ẹnìkan dá.

Kò sí ẹni tí yóò sọ pé ẹ̀sìn kò sí nínú òṣèlú Tọ́kì. Ó wà níbẹ̀ gidigidi. Obìnrin tí wọn kò jẹ́ kí ó wọ yunifásítì nígbà èwe rẹ̀ nítorí ìbòrí tí ó wé kò lè tètè gbàgbé ìjọba tí ó mú ìdènà náà kúrò. Ṣùgbọ́n obìnrin yìí kan náà ń ra ẹran lọ́jà, ó ń san owó ilé, ó sì lè máa tọ́jú ìyá tí owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ kò tó jẹun mọ́. Kò sí yàrá kan tí ó gba gbogbo rẹ̀.

Ẹ̀rí rẹ̀ pọ̀. Ní ọdún 2019, Ekrem İmamoğlu ti ẹgbẹ́ CHP, ẹgbẹ́ tí àjèjì ka sí ti àwọn tí kò fẹ́ ẹ̀sìn, jókòó ní mọ́ṣáláṣí Eyüp Sultan ní Istanbul, ó sì ka Kùránì fún àwọn tí wọ́n pa ní mọ́ṣáláṣí ìlú Christchurch. Ní oṣù kẹfà ọdún náà, àdúgbò Fatih àti Üsküdar, níbi tí àwọn ẹlẹ́sìn pọ̀ sí, dìbò fún un ju ẹni tí Erdoğan fà kalẹ̀ lọ. Ní ọdún 2024, ẹgbẹ́ Yeniden Refah, tí òun pẹ̀lú jẹ́ ẹgbẹ́ ẹlẹ́sìn, gba ìbò tí ó lé ní ìdá 6 nínú 100, ó sì gba ìlú Şanlıurfa mọ́ AKP lọ́wọ́. Bí ó bá jẹ́ pé ìjà ẹ̀sìn lásán ni, báwo ni ẹlẹ́sìn yóò ṣe gba ìlú lọ́wọ́ ẹlẹ́sìn?

BÍ A BÁ Ń SUNKÚN, À Á MÁA RÍRAN

Ibi tí ojú àjèjì ti fọ́ jù lọ ni ọ̀dọ̀ àwọn tí ilẹ̀ mímì bá. Ní Kahramanmaraş, níbi tí ìjàǹbá náà ti le gan-an, ìbò tí Erdoğan ní ju ìdá 70 nínú 100 lọ. Ní Adıyaman, ó ju ìdá 65 lọ. Àwọn kan ní òkèèrè, àti àwọn kan nínú ilé pẹ̀lú, bẹ̀rẹ̀ sí í bú àwọn ènìyàn wọ̀nyí. Wọ́n ní òpè ni wọ́n. Wọ́n ní ẹni tí ìjọba kò tètè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ nígbà ìṣòro, tí ó tún lọ dìbò fún ìjọba náà, kò mọ ohun tí ó ń ṣe.

Ẹni tí ilé rẹ̀ wó, tí ó ń gbé inú àgọ́ pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀, ìbéèrè tirẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: ta ni yóò tún ilé kọ́? Erdoğan ṣèlérí ilé láàárín ọdún kan. Ẹgbẹ́ mẹ́fà ni ó wà lẹ́yìn Kılıçdaroğlu, àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kò sì pẹ́ tí wọ́n jà lójú gbogbo ayé. Ní ọjọ́ 3, oṣù kẹta, ọdún 2023, nígbà tí òkú kò tíì tán nílẹ̀, Meral Akşener kúrò láàárín wọn nítorí pé kò fara mọ́ ẹni tí wọ́n fẹ́ fà kalẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ó tún padà. Ẹni tí ó ń wá ẹni tí yóò kọ́lé fún un rí gbogbo èyí. Ó lè ṣi ìṣirò ṣe, ṣùgbọ́n ó ṣe ìṣirò.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2024 fi èyí hàn kedere. Adıyaman kan náà tí ó dìbò fún Erdoğan yan ọmọ ẹgbẹ́ CHP ṣe alákòóso ìlú. Ní Hatay, tí ilẹ̀ mímì bà jẹ́ bákan náà, ọmọ ẹgbẹ́ CHP ni ó wà lórí àga. Àwọn ará ìlú yọ òun náà, wọ́n sì fi ọmọ ẹgbẹ́ AKP rọ́pò rẹ̀. Wọ́n bá ẹni tí ó wà nídìí iṣẹ́ wí, ẹgbẹ́ yòówù kí ó ti wá. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Àwọn tí wọ́n ń sunkún ní ilẹ̀ Tọ́kì ń ríran; ẹni tí ó ń wò wọ́n láti òkèèrè ni kò rí i.

WỌN KÌ Í ṢE ỌMỌ ÀNÁ NÍDÌÍ ÀPÓTÍ ÌBÒ

Àṣà kan tún wà lọ́wọ́ àwọn ará Yúróòpù, pé wọ́n a máa sọ̀rọ̀ nípa Tọ́kì bí ẹni pé àkẹ́kọ̀ọ́ ni, tí wọ́n ń kọ́ ní ìjọba àwa-ara-wa. Obìnrin ilẹ̀ Tọ́kì ti ní ẹ̀tọ́ láti dìbò sí ilé aṣòfin láti ọdún 1934. Obìnrin ilẹ̀ Faransé kò ní irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀ títí di ọdún 1944.

Lóòótọ́, láti ìgbà tí Mustafa Kemal Atatürk ti dá orílẹ̀-èdè olómìnira náà sílẹ̀ ní ọdún 1923, CHP nìkan ni ó ṣe ìjọba fún ọdún 27. Ní ọdún 1946, tí ẹgbẹ́ míràn bá a du ìdìbò gbogbogbòò, gbangba ni wọ́n ti ń dìbò, ìkọ̀kọ̀ ni wọ́n ti ń kà á. Ará ìlú kò gbàgbé. Kí ó tó di ìdìbò tí ó tẹ̀ lé e, wọ́n ti yí òfin náà po: ìkọ̀kọ̀ ni kí olúkúlùkù ti dìbò, gbangba ni kí wọ́n ti kà á, kí àwọn adájọ́ sì máa mójú tó o. Ní ọjọ́ 14, oṣù karùn-ún, ọdún 1950, ẹgbẹ́ Democrat ti Celal Bayar àti Adnan Menderes borí. İsmet İnönü, jagunjagun tí ó jogún àga Atatürk, dìde kúrò lórí àga náà láìjà.

Àwọn ológun gba ìjọba ní ọdún 1960, wọ́n sì so Menderes kọ́ ní ọjọ́ 17, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1961. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, ẹgbẹ́ Süleyman Demirel, èyí tí àwọn ọmọlẹ́yìn Menderes kó ara wọn jọ sí, ni ará ìlú gbé wọlé. Àwọn ológun tún gba ìjọba ní ọjọ́ 12, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1980, wọ́n sì pa gbogbo ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ́. Nígbà tí ó di ọdún 1983, ẹgbẹ́ mẹ́ta péré ni wọ́n gbà láyè láti díje. Ọ̀gágun tí ó ti fẹ̀yìn tì ni olórí èyí tí wọ́n fẹ́. Ọ̀gágun Kenan Evren fúnra rẹ̀ bọ́ sórí tẹlifíṣàn láti kìlọ̀ fún ará ìlú kí wọ́n má ṣe tẹ̀ lé Turgut Özal. Ẹni tí ó bá ń wò ó láti òkèèrè ì bá ti parí ọ̀rọ̀ síbẹ̀. Àmọ́ Özal ni ará ìlú gbé wọlé pẹ̀lú ìdá 45 nínú 100; ẹgbẹ́ tí ológun fẹ́ sì ṣe ipò kẹta, òun ni ó kẹ́yìn. Àwọn tí wọ́n ṣe èyí lábẹ́ ìbọn kò yẹ ní ẹni tí wọ́n ń pè ní òpè.

OHUN TÍ ÀJÈJÌ FẸ́ NI Ó Ń RÍ

Ohun kejì tí ó ń bo àjèjì lójú ni àǹfààní ara rẹ̀. Tọ́kì ti wà nínú ẹgbẹ́ ológun NATO láti ọdún 1952. Nígbà tí àwọn ológun gba ìjọba ní ọdún 1980, ìjọba ilẹ̀ Amẹ́ríkà kò fi bẹ́ẹ̀ sunkún. Ilẹ̀ Ìráànì ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ ni, kò sì fẹ́ kí Tọ́kì náà bọ́. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1998, ilé ẹjọ́ ilẹ̀ Tọ́kì pa ẹgbẹ́ Refah ti Necmettin Erbakan rẹ́, ẹgbẹ́ tí ó ṣe ipò kìn-ín-ní nínú ìdìbò ọdún 1995. Ilé Ẹjọ́ Yúróòpù fún Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn fọwọ́ sí i ní ọdún 2001, ó sì tún fọwọ́ sí i ní ọdún 2003. Àwọn ẹlẹ́sìn ilẹ̀ Tọ́kì gba ẹ̀kọ́ kan nínú èyí, pé Yúróòpù kì í bínú sí ẹgbẹ́ tí wọ́n bá pa rẹ́ bí ẹgbẹ́ náà kò bá jẹ́ èyí tí ó wù ú.

Nígbà tí AKP kọ́kọ́ wọlé ní oṣù kọkànlá ọdún 2002, àjèjì bẹ̀rẹ̀ sí í yìn ín. Wọ́n ní àpẹẹrẹ rere ni fún gbogbo ilẹ̀ Mùsùlùmí. Nínú ayọ̀ yìí, díẹ̀ ni ó bojú wo ìṣirò ìdìbò náà. Òfin tí àwọn ológun fi sílẹ̀ ní kí ẹgbẹ́ tí kò bá ní ìdá 10 nínú 100 má ṣe wọ ilé aṣòfin rárá. Nítorí òfin yìí, AKP fi ìbò ìdá 34 gba ìjókòó 363 nínú 550, tí ìbò àwọn tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì àwọn olùdìbò sì ṣòfò. Àwọn ẹgbẹ́ Kurd ni òfin náà ń dí lọ́nà jù lọ. Nígbà tí ẹgbẹ́ HDP tiwọn fi ìdá 13 kọjá ìdènà náà ní oṣù kẹfà ọdún 2015, AKP kò ní ìjókòó tí ó tó láti dá ṣe ìjọba mọ́. Ọdún 2022 ni wọ́n tó sọ ìdá 10 náà di 7. Ẹni tí ó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ òdodo, ìgbà tí ìwọ̀n yìí ń ṣe àǹfààní fún ẹni tí ó fẹ́ràn ni ó yẹ kí ó ti sọ̀rọ̀.

ÌBÉÈRÈ MẸ́TA

Ọ̀nà wo wá ni ó tọ́ láti gbà wo ìdìbò Tọ́kì? Ìbéèrè mẹ́ta ni ó tó, ó sì yẹ kí wọ́n béèrè wọn pọ̀. Ta ni wọ́n jẹ́ kí ó díje? Ohùn ta ni ará ìlú ráyè gbọ́? Ta ni ó ka ìbò?

Ní ti ìkẹta, ilẹ̀ Tọ́kì lè fọwọ́ sọ̀yà dé àyè kan. Ojú àwọn aṣojú ẹgbẹ́ ni wọ́n ti ń ka ìbò ní ibùdó kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ń fọwọ́ sí ìwé àbájáde, wọ́n sì ń mú ẹ̀dà rẹ̀ lọ. Kì í ṣe pé àbààwọ́n kò sí. Ní ọjọ́ 16, oṣù kẹrin, ọdún 2017, tí wọ́n dìbò láti sọ ìjọba di ti ààrẹ, ìgbìmọ̀ gíga tí ń ṣètò ìdìbò pàṣẹ lọ́jọ́ náà gan-an pé kí wọ́n ka ìwé ìbò tí kò ní òǹtẹ̀ mọ́ ọn, ìdá 51.4 ni ó sì fọwọ́ sí àyípadà náà. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2019, ìgbìmọ̀ yìí kan náà fagi lé ìbò tí İmamoğlu fi di alákòóso Istanbul. Ìbò bí 13,000 ni ó fi borí lákọ̀ọ́kọ́. Nígbà tí wọ́n tún un dì ní ọjọ́ 23, oṣù kẹfà, ó fi ìbò tí ó tó 800,000 borí. Ará ìlú ni ó dá ẹjọ́ náà.

Ní ti ìbéèrè kejì, ìwọ̀n kò dọ́gba. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ alátakò tí wọ́n wà nínú ìgbìmọ̀ tí ń mójú tó rédíò àti tẹlifíṣàn sọ pé ní oṣù kẹrin ọdún 2023, tẹlifíṣàn ìjọba fún Erdoğan ní nǹkan bí wákàtí 32, ó sì fún Kılıçdaroğlu ní ìṣẹ́jú 32. Owó gbogbo ìlú ni wọ́n fi ń ná tẹlifíṣàn náà, ti ẹni tí ó wà lórí àga àti ti ẹni tí ó ń dù ú.

Ní ti àkọ́kọ́, ibẹ̀ ni egbò ti jinlẹ̀. Inú ẹ̀wọ̀n ni Selahattin Demirtaş ti du ipò ààrẹ ní ọdún 2018, ìbò rẹ̀ sì ju ìdá 8 nínú 100 lọ. Láti ọdún 2016 ni ìjọba ti ń yọ àwọn alákòóso ìlú tí àwọn Kurd dìbò yàn, tí ó ń fi àwọn tí ó fúnra rẹ̀ yàn rọ́pò wọn. Ní ọjọ́ 18, oṣù kẹta, ọdún 2025, yunifásítì kan fagi lé ìwé ẹ̀rí İmamoğlu, bẹ́ẹ̀ òfin ní ẹni tí kò bá ní irú ìwé ẹ̀rí yìí kò lè ṣe ààrẹ. Ní ọjọ́ kejì, àwọn ọlọ́pàá mú un. Nígbà tí ó di ọjọ́ 23, ilé ẹjọ́ fi í sí àtìmọ́lé lórí ẹ̀sùn ìwà ìbàjẹ́, èyí tí ó ní òun kò jẹ̀bi rẹ̀. Ìjọba ní àwọn adájọ́ kò gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ náà gan-an, ogunlọ́gọ̀ ènìyàn tò láti fi í ṣe ẹni tí CHP yóò fà kalẹ̀. Bí wọ́n bá so ọwọ́ ẹnìkan mọ́ ẹ̀yìn kí wọ́n tó ní kí ó wá jàkadì, ẹni tí ó bá dá a kò tíì borí.

Àwọn alámòójútó tí àjọ OSCE rán lọ ní ọdún 2023 sọ apá méjèèjì. Wọ́n ní àwọn olùdìbò rí ẹni gidi yàn láàárín, wọ́n sì tú jáde lọ́pọ̀lọpọ̀. Wọ́n ní ẹni tí ó wà lórí àga jẹ àǹfààní tí kò tọ́. Ṣùgbọ́n ìdajì ọ̀rọ̀ ni olúkúlùkù gbé lọ sílé. Àwọn ọ̀rẹ́ Erdoğan mú ìdajì àkọ́kọ́, àwọn ọ̀tá rẹ̀ mú ìdajì kejì. Nígbà tí àwọn alámòójútó sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ní ọdún 2017, Erdoğan ní kí wọ́n lọ mọ ìwọ̀n ara wọn. Bí àwọn ìjọba Yúróòpù bá sì ń sọ̀rọ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, gbogbo ayé mọ ìdí rẹ̀: láti oṣù kẹta ọdún 2016 ni wọ́n ti bá Tọ́kì ṣe àdéhùn pé kí ó bá wọn dá àwọn tí ogun lé kúrò nílùú dúró, kí àwọn máa fún un lówó.

Àwọn àgbà ní kí a lé akátá lọ ná, kí a tó padà wá bá adìẹ wí. Ẹni tí ó ń sọ ẹlòmíràn sẹ́wọ̀n kí ọjọ́ ìbò tó pé ni akátá. Òun ni ó yẹ kí àwọn ará òkèèrè kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀, yálà ó jẹ́ ọ̀rẹ́ wọn tàbí ọ̀tá wọn, yálà wọ́n nílò ọmọ ogun rẹ̀ tàbí wọn kò nílò wọn. Ní ti olùdìbò ilẹ̀ Tọ́kì, kò bẹ ẹnikẹ́ni pé kí wọ́n kọ́ òun ní ìbò. Wọ́n ti fi ìbọn dẹ́rù bà á, wọ́n ti pa ẹgbẹ́ rẹ̀ rẹ́, wọ́n ti ti ẹni tí ó yàn mọ́lé, bẹ́ẹ̀ nígbà tí ọjọ́ bá pé, yóò tún jí ní kùtùkùtù, yóò sì tò. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Tọ́kì, ẹsẹ̀ ìlà yẹn ni kí ó lọ dúró sí, kí ó sì fetí sílẹ̀ kí ó tó la ẹnu.